Bàbá Olórí Ràbàtà

Ẹ kọ́kọ́ bá mi káàánú Rüknettin Bey kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, torí bí ìtàn yìí bá ti wọra tán, ẹ̀rín kò ní jẹ́ kí ẹ ráyè káàánú rẹ̀ mọ́.

Rüknettin Bey ni kaymakam wa ní Akçataş, ìyẹn ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí ìlú wa àti gbogbo abúlé tó yí wa ká ní ẹsẹ̀ òkè Nemrut. Ọkùnrin náà kò ga, àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un. Bó bá fẹ́ sín báyìí, akọ̀wé rẹ̀, Vahdet Efendi, á ti nàró kó tó sín, á ní, "Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, ọ̀gá mi!" Bí sísín náà bá wá padà sẹ́yìn, Vahdet á yíjú sí àwọn tó wà níbẹ̀, á ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe kóra rẹ̀ níjàánu?" Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi tuntun lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, Rüknettin Bey ní kí omi náà máa ṣàn bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀, kó lè fi ẹwà kún ọ̀rọ̀ òun. Ó sọ̀rọ̀ títí omi fi tán nínú táńkì. Àtẹ́wọ́ la pa fún un, a sì gbé korobá wa padà sílé.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ọkùnrin yìí lọ́kàn: wọn ò tíì fi í ṣe gómìnà. Ìròyìn wá kàn wá pé gómìnà wa fẹ́ fẹ̀yìn tì, pé Mínísítà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lórí Nemrut nígbà tí yìnyín bá yọ́ tán, àti pé ibẹ̀ ni yóò ti dárúkọ gómìnà tuntun. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti kúrò lọ́rọ̀ Rüknettin Bey. Ìyàwó rẹ̀, Mürüvvet Hanım, gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà síwájú rẹ̀, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Gómìnà kì í jẹ irú èyí."

"Ṣé ẹ ti di gómìnà ni?"

"Mi ò tíì dì í ni."

"Ẹ yáa jẹ ẹ́ lónìí nígbà náà, kí ẹ má lọ ṣàárò rẹ̀ tẹ́ ẹ bá dì í tán."

Ó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ ló ṣe jẹ ẹ́.

Ẹ ó rò pé ọkùnrin tó ń ṣàkóso ẹsẹ̀ òkè á ti gun òkè náà rí. Rárá o. Èsì tó máa ń fún àwọn tó bá bi í ni pé òkè náà kò tíì wá kí òun. Ní báyìí tí Mínísítà ń bọ̀, ó ní òun fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ òkè náà. Bozan, awakọ̀ rẹ̀, gbé wọn dé ibi tí mọ́tò lè dé, wọ́n wá fi ẹsẹ̀ rìn èyí tó kù. Bozan ń fa Kaymakam níwájú, Vahdet ń tì í lẹ́yìn, Kaymakam sì ń sọ fún afẹ́fẹ́ pé kó rọra.

Lókè pátápátá, níbi tí àwọn ère ńlá jókòó sí láìlórí, tí orí wọn dúró sórí ilẹ̀ níwájú wọn, tí òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ sì ga lẹ́yìn wọn, Rüknettin Bey dúró, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ.

"Ta ló ni orí yìí?"

Bozan ní, "Ọba Antiókù ni, ọ̀gá. Òun náà ló ni ibojì yìí."

"Àwọn wo ló jókòó tì í?"

"Àwọn òrìṣà ayé àtijọ́ ni. Séúsì rèé. Àpólò rèé."

"Ta ló fún un láṣẹ láti jókòó sáàárín wọn?"

"Kò sẹ́nì kankan, ọ̀gá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbẹ́ òun síbẹ̀."

"Ṣé ìjọba rẹ̀ tóbi gan-an ni?"

"Kò tóbi, ọ̀gá. Àárín ìjọba ńlá méjì ló há sí."

Rüknettin Bey wo Vahdet. "Ó jọ pé kaymakam ni."

"Kaymakam pọ́ńbélé ni, ọ̀gá mi!" ni Vahdet wí. "Kò sì tó yín. Ẹ wo imú rẹ̀, kò wúlò."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Bozan mú wọn yà síbi àwókù ààfin ọba náà ní Arsameia, níbi tí wọ́n gbẹ́ ọba sára òkúta pẹ̀lú òrìṣà alágbára kan tí wọ́n ń pè ní Hérákílísì, tó wà ní ìhòòhò ọmọlúàbí, wọ́n sì ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Rüknettin Bey wo ìbọwọ́ náà títí ife tíì tí Bozan bù fún un fi tutù. Ó wá ní:

"Vahdet, mú ọwọ́ rẹ wá. Báyìí ni èmi àti Mínísítà ṣe máa dúró. Ìwọ ni Hérákílísì."

Vahdet na ọwọ́, ó fi ìbẹ̀rù wo ère náà láti òkè dé ilẹ̀. "Ọ̀gá mi, ṣé kí n bọ́ ẹ̀wù ni?"

"Má bọ́ nǹkankan!"

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, Rüknettin Bey ì bá ti máa gun mọ́tò gómìnà kiri lónìí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n délé, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ní kò yẹ kí ọba tó ti kú ní orí òkúta kí kaymakam tó wà láàyè má ní. Àwọn tó ń ṣọ́ ohun àtijọ́ lórí òkè ti ní àwọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí òkúta kan nípò níbẹ̀, nítorí náà ó ní kí wọ́n gbé ti òun sí ìsàlẹ̀, ní oríta tí ọ̀nà òkè ti bẹ̀rẹ̀, kó lè jẹ́ pé òun ni Mínísítà á kọ́kọ́ rí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbẹ́ òkúta nílùú wa, Abuzer Usta ni. Òkúta ibojì ló sì ń gbẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó gba iṣẹ́ náà láìjanpata, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún eruku nu imú, ó béèrè ohun tó máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

"Orúkọ?"

"Rüknettin Bey, Kaymakam Akçataş, Bàbá Gbogbo Ènìyàn."

"Ọdún tó bẹ̀rẹ̀?"

"Ọdún tí mo dé Akçataş ni kí o kọ. Fa ìlà sí iwájú rẹ̀, kí o fi àyè sílẹ̀. Ọdún tí mo bá di gómìnà la máa kọ síbẹ̀."

Abuzer Usta fi ojú àánú wò ó. "Àyè yẹn kì í pẹ́ kún, ọ̀gá," ló wí. Rüknettin Bey rò pé àdúrà ni, ó ní àmín.

Orí náà tóbi tó ilé adìyẹ. Imú rẹ̀ nìkan, ènìyàn lè sá òjò sábẹ́ rẹ̀, torí Vahdet ló ní imú Séúsì kò gbọdọ̀ ju ti ọ̀gá òun lọ. Kaymakam tún ní kí òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn òun bíi ti ọba, ó sì pàṣẹ pé kí olúkúlùkù abúlé kó òkúta wá láti oko wọn. A kó o wá. Kò tún sí ohun tó rọrùn láti fi tọrẹ fún ìjọba ju òkúta oko wa lọ. Wọ́n wá ṣe ọgbà yí gbogbo rẹ̀ ká, wọ́n sì fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti kun mọ́ṣáláṣí kùn ún. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Òkìtì òkúta. Orúkọ, ọdún, àti ìlà. Ọgbà aláwọ̀ ewé. Ẹni tí wọ́n bí sí agbègbè wa, tó bá rí irú èyí lẹ́bàá ọ̀nà, kò tún ní béèrè ohun tó jẹ́. Ibojì ẹni Ọlọ́run ni. Bí a ṣe mọ̀ pé iná ń jóni náà la ṣe mọ ohun tí à ń ṣe níbẹ̀: à á ya aṣọ díẹ̀, à á so ó mọ́ ọgbà, à á sọ ohun tí a fẹ́.

Obìnrin kan tó ń bọ̀ láti òkèèrè ló kọ́kọ́ so ó. Ó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ dẹ́kun híhanrun. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ sùn sílé ìyá rẹ̀, kò sì hanrun sétí obìnrin náà. Bí ìròyìn ṣe tàn nìyẹn. Ẹni tí kò bímọ wá. Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ ń tiro wá, ó fa ewúrẹ́ dání, ewúrẹ́ náà rí ẹnìkan tó ń jẹ búrẹ́dì, ó sáré. Wọ́n kígbe pé iṣẹ́ ìyanu ni. Kí òṣù tó yípo, aṣọ ti bo ọgbà, ó ti bo etí òkúta, wọ́n sì ti ń fi bọ́tà kun imú rẹ̀ torí wọ́n ní ó ń wo àrùn èékánná sàn. Bàbá Olórí Ràbàtà ni wọ́n ń pè é.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí àwa ará Akçataş, tí a mọ̀ pé ẹni tó ni orí náà ń bẹ láàyè nílé ìjọba tó ń mu kọfí, kò fi sọ̀rọ̀. Ta ló máa sọ ọ́? Kò sẹ́ni tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ tíì ṣe láǹfààní rí. Orí rẹ̀ ti wo ewúrẹ́ sàn.

Rüknettin Bey gba ibẹ̀ kọjá, ó rí àwọn obìnrin tó ń fẹnu ko imú òun, tí wọ́n ń da omi lójú. Ó ní kí Bozan dúró. Omi lé ròrò sójú òun náà.

"Bozan, o ò rí i bí wọ́n ṣe nífẹ̀ẹ́ mi?"

"Ọ̀gá, tí n bá ní kí n sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò rí bí ẹ ṣe—"

Vahdet tẹ Bozan lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìfẹ́ ni, ọ̀gá mi! Kí ni ì bá tún jẹ́?"

"Kí ni wọ́n ń wí lábẹ́nu yẹn?"

"Wọ́n ń ṣàdúrà fún yín ni."

Ìyẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Wọ́n ń ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Mínísítà ṣe pé. Láti ọ̀sán ni Rüknettin Bey ti wà lórí òkè. Ó wọ ẹ̀wù ìlékè gígùn kan tó ń wọ́ nílẹ̀, ó gbé àga aláwọ̀ pupa síwájú àwọn ère, ó dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú bíi ti ọba ara òkúta. Ó ní Mínísítà kò gbọdọ̀ bá òun níbi tí òun ti ń na ọwọ́; kó bá a ní nínà ni. Vahdet ló rán lọ sí oríta láti lọ pàdé àlejò. Afẹ́fẹ́ orí òkè ń fẹ́. Àwọn tó wá wo òkè láti ìlú òkèèrè ń bá a ya fọ́tò. Obìnrin kan láti Jámánì wò ó yí ká lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó fi kọ́ ọwọ́ náà, ó lọ wo Àpólò. Rüknettin Bey kò mira. Gómìnà kì í bá ẹ̀wù jà.

Ní ìsàlẹ̀, mọ́tò Mínísítà dé oríta, kò rí ọ̀nà kọjá. Bọ́ọ̀sì àwọn tó wá tọrọ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Mínísítà wo èrò, ojú rẹ̀ tàn. Irú wọn kì í rí èrò kó má bọ́ sílẹ̀. Wọ́n da lọ́fínńdà ọsàn sí i lọ́wọ́, wọ́n gbé àwo helva, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n fi bọ́tà àti ṣúgà rò, lé e lọ́wọ́, gbígbóná, bọ́tà ń ṣàn lára rẹ̀. Helva tí a sì ń pín lẹ́bàá ọ̀nà báyẹn, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé sàráà òkú ni.

Mínísítà jẹ ẹ́ tán, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ka Fátíhà. Ó wá yíjú sí Vahdet.

"Ibojì ta nìyí?"

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, ká wo Vahdet Efendi. Láti ọdún tó ti ń dìde fún sísín ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ ti ń dùn ún. Ó la ẹnu láti sọ gbogbo rẹ̀. Ó tún pa á dé. Ó wá la ìdajì.

"Rüknettin Bey ni, ọ̀gá mi."

"Kaymakam wa? Ó ti kú?"

Vahdet mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣáà wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń sunkún, ọ̀gá mi."

Mínísítà yíjú sí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Olùrànlọ́wọ́ náà kò gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó máa ń jẹ́wọ́ pé òun kò mọ nǹkan. "Mo ti fẹ́ sọ ọ́ láàárọ̀, ọ̀gá, ẹ ṣì ń jẹun ni."

Mínísítà gun orí òkìtì òkúta. Àwọn oníkámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ló wí. "Ọkùnrin tó sùn síbí yìí fi ara rẹ̀ jìn! Kò sùn kí ẹ lè sùn! Kò jẹ kí ẹ lè jẹ! Mo wá síbí lónìí láti fi í ṣe gómìnà. Bẹ́ẹ̀ ni! Orúkọ rẹ̀ ni mo mú bọ̀! Ikú ló já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́!" Ó sunkún. Èrò sunkún. Ewúrẹ́ ké. "Ta ni ipò yìí wá tọ́ sí ju ẹni tó dúró tì í títí dé ibojì lọ? Vahdet Efendi, máa bọ̀ níbí!"

Bí wọ́n ṣe fi Vahdet joyè gómìnà lórí òkúta oko wa nìyẹn. Mínísítà ti jẹ helva àjẹtúnjẹ, kò lè gun òkè mọ́. Ó ní oòrùn ń wọ̀ nílé òun náà, ó padà.

Nígbà tí oòrùn fẹ́ẹ̀ rì, Rüknettin Bey gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀wù obìnrin ará Jámánì náà ṣì wà lórí rẹ̀. Bozan gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ní oríta, ẹnì kan na àwo sí i láti ojú fèrèsé mọ́tò, ebi sì ti pa á, ó bù jẹ.

"Ó dùn o. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Sàráà Kaymakam ni, bàbá."

"Kaymakam wo?"

"Rüknettin Bey. Kí Ọlọ́run forí jì í."

Helva há a lọ́fun. Bozan gbá a lẹ́yìn gbà, gbà, bóyá pẹ̀lú agbára tó ju èyí tó yẹ lọ díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe ọ́fíìsì Mínísítà lórí fóònù. Olùrànlọ́wọ́ náà ló gbé e.

"Rüknettin Bey ló ń sọ̀rọ̀! Mo wà láàyè!"

"A dúpẹ́," ni olùrànlọ́wọ́ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ sókè. Mínísítà sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n lánàá. Bẹ́ ẹ bá wà láàyè, kí ló ń sunkún sí?"

"Àṣìṣe ni!"

"Ọ̀gá, Mínísítà kì í ṣàṣìṣe. Ẹ ó fẹ̀yìn tì láti òní lọ. Ẹ lè máa wà láàyè nílé yín, kò sẹ́ni tó máa dí yín lọ́wọ́. Ẹ ṣáà má fi hàn ju bó ṣe yẹ lọ."

Nínú ilé, àwọn obìnrin ìlú kún yàrá, wọ́n ń bá Mürüvvet Hanım kẹ́dùn. Wọ́n rí ọkọ rẹ̀ tó ń kọjá, wọ́n kí i káàárọ̀, wọ́n sì ń bá ẹkún wọn lọ. Oúnjẹ ti kún ibi ìdáná dé òrùlé.

Ó ní, "Mürüvvet, lé wọn jáde! Èmi rèé!"

"Mo rí yín," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ fi wà lórí oyè, ẹnikẹ́ni ò gbé ẹyin kan wá kí mi. Àná lẹ kú. Ẹ lọ wo ìdáná. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ jẹun, ẹ má ba ọ̀rọ̀ jẹ́."

Inú bí i débi pé kò wọ kóòtù. Ó ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, ó yọ òòlù, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí oríta láti lọ fọ́ orí náà pátápátá. Bó ṣe gbé òòlù sókè lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, igbe ta.

"Ó fẹ́ gba iwájú wa kọjá! Bàbá, a tò síbí o!"

Ó yíjú. Àwọn obìnrin tò títí dé ẹ̀yìn odi ọ̀nà, akíṣà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Gülizar, ìyá àgbà kan láti abúlé òkè, tó fi ara rẹ̀ ṣe olùtọ́jú ìlà, ló dúró níwájú rẹ̀, ọwọ́ ní ìbàdí.

"Fífọ́ ni mo wá fọ́ ọ!" ni Rüknettin Bey wí.

"Kò burú. Ẹ tò. Tó bá kàn yín, ẹ fọ́ ọ."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́ ni?"

"Ẹ̀yin náà kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ní ká kó òkúta wá. Ta ló lè gbàgbé yín?" Ó tọ́ka sí orí náà. "Èyí ni à ń bá sọ̀rọ̀. À ń sọ ti wa, kò já lu ọ̀rọ̀ wa rí."

Ó lọ sẹ́yìn, ó tò. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó máa tò síbi kan, kò mọ ibi tí ènìyàn ń gbé ọwọ́ sí. Oòrùn ń pa á. Obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ sọ fún un pé ọmọ òun wà lẹ́wọ̀n. Èyí tó wà lẹ́yìn ní omi ẹ̀rọ abúlé àwọn kò ṣàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí kò sí ibi tó lè gbà. Ìbínú rẹ̀ ń rọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àárẹ̀ ni mo rò pé ó fà á. Nígbà tó fi máa kàn án, ó ti gbé òòlù fún obìnrin ẹ̀yìn pé kó bá òun dì í mú.

Ó dúró níwájú imú tó kún fún bọ́tà. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó tú táì ọrùn rẹ̀, ó so ó mọ́ etí òkúta. Ó wúkọ́.

"Mo pàṣẹ pé kí o dá ipò mi padà kíákíá!"

"Ẹ̀bẹ̀ ni à ń bẹ̀ ẹ́ o," ni Gülizar wí láti ẹ̀gbẹ́. "Kì í gba àṣẹ."

"Ẹ̀yin ará Akçataş, lónìí ọjọ́ ńlá—"

"Kì í gbọ́ ìyẹn náà."

Rüknettin Bey yíjú sí i. Ẹ̀rù ni mo rí lójú rẹ̀, mi ò ní purọ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí wá ni wọ́n ń sọ?"

"Ẹ kọ́kọ́ ní, 'ẹ jọ̀ọ́.'"

Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ó tún gbìyànjú. Ó yíjú sí òkúta, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí a ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, bàbá," ni obìnrin tó di òòlù mú wí. "Etí òkúta ni."